Èédú Baba Rẹ Ló Ń Gbé Wa Bọ̀

Abẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, ó ku ogún máìlì sí Merrin's Bridge,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1942.

Lorna ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìpalẹ̀mọ́, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ogun tó wà lóde. Ọlọ́run tó ń pa ọ́ mọ́ nínú ìlú Melbourne tí wọ́n ti ń paná lálẹ́ nítorí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá yóò pa ọ́ mọ́ di Sátidé, yóò sì pa ọ́ mọ́ kọjá Sátidé. Ọjọ́ ayọ̀ rẹ kò ní yí padà di ọjọ́ àbámọ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Ṣé aṣọ ìgbéyàwó náà ti bá ọ mu báyìí, àbí aránṣọ yẹn ṣì ń sọ pé ọ̀la ni? Baba rẹ kí ọ, ṣùgbọ́n kò lè wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, torí ó jókòó ti kòtò kan tó ń rú èéfín, ó ní ẹni tó bá gbójú kúrò lára kòtò èédú, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí kó fara mọ́ ọn. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. A ti kúrò nílé láti ọjọ́ Ajé, a kò tíì dé, a ò sì mọ ìgbà tí a máa dé, ṣùgbọ́n àlàáfíà la wà, kéèkì ìgbéyàwó rẹ náà sì wà lálàáfíà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Òjò kò rọ̀ tó, àlìkámà kúrú, ṣùgbọ́n ó dúró. Ẹṣin wa eléérú gé Ìyáàfin Oldaker aládùúgbò wa jẹ léjìká lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, àwọn èèyàn sì ní ẹṣin náà ti ṣe ohun tí gbogbo ìjọ ti ń fẹ́ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Àgùntàn bí dáadáa. Adìyẹ mẹ́ta kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ adìyẹ wà nínú ọ̀rọ̀ èédú, màá dé ibẹ̀.

O rántí pé ní oṣù keje tí o kọ̀wé pé Cyril fẹ́ fẹ́ ọ, inú baba rẹ dùn débi pé ó fọ lọ́rì, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí o ti kúrò nílé. Ó ní lọ́jọ́ tí òun gbé ọ lọ wọ rélùwéè, o ń sunkún, òun sì ṣèlérí fún ọ pé lọ́rì yìí náà ni òun yóò fi gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí o bá ń ṣègbéyàwó. Mo ní ọmọ yẹn ti lè gbàgbé. Ó ní òun kò gbàgbé. Epo ni kò sí. Bẹntiróò tí ìjọba ń fún wa lóṣù kan kò tó kí lọ́rì lọ sí ilé Oldaker kó sì padà, ni wọ́n bá ní ẹni tó bá fẹ́ ju ìyẹn lọ kó gba fọ́ọ̀mù.

Ọmọ mi, baba rẹ kọ fọ́ọ̀mù yẹn tọkàntọkàn. Ọjọ́ méjì ló fi kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ní kí ni iṣẹ́ ọkọ̀ náà, ó kọ pé ó ń rìn. Fọ́ọ̀mù ní ṣé ìrìn àjò náà ṣe pàtàkì fún ogun, ó ní rárá o, ìgbéyàwó ni, ẹnikẹ́ni kò ní jà níbẹ̀ àfi tí àbúrò òun Jabez bá mutí. Wọ́n bi í pé ṣé ọ̀nà mìíràn wà tó lè gbà rìn, ó ní ẹṣin eléérú kan wà ṣùgbọ́n ó máa ń géni jẹ. Wọ́n bi í pé èèyàn mélòó ni yóò jàǹfààní, ó ní méjì àti kéèkì kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sí àyè yẹn, pé àwọn ará ọ́fíìsì ló ni ín. Ó ṣe baba rẹ bákan pé kí èèyàn dé àyè tí àwọn ará ọ́fíìsì wà kó má kí wọn, ló bá kọ síbẹ̀ pé, Ẹ kú iṣẹ́ o.

Wọ́n kọ̀ ọ́. Ìwé tí wọ́n fi dá a lóhùn kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ẹni tó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ ni C. Pettifer, Cyril rẹ gan-an. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Cyril nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń pín epo kò gbọdọ̀ fún àna rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n baba rẹ di ìwé náà mú fún ìgbà pípẹ́, ó ní ọmọ akọ̀wé yìí fi ọwọ́ ọ̀tún tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òun, ó fi ọwọ́ òsì ti òun síta. Mo ní, Bàbá Lorna, òfin ni. Ó ní òfin kò ní bí ọmọ-ọmọ fún òun. Mo mẹ́nu ba rélùwéè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ó ń lọ sí Melbourne lójoojúmọ́, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó wá búra pé ẹ̀kán bẹntiróò kan kò ní kan òun láti ọ́fíìsì yẹn mọ́ láéláé, ohun tó bá hù lórí ilẹ̀ òun ni yóò gbé òun dé ibi ìgbéyàwó ọmọ òun.

Bó ṣe lọ ra àgbá nìyẹn. Ó ń wu mí kí o rí i. Àgbá irin gíga kan ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, èédú ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, wọ́n á fi iná sí i nísàlẹ̀, wọ́n ní gáàsì á jáde lára èédú náà, á gba inú páìpù, á la inú aṣọ kan kọjá kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè kù síbẹ̀, á wá wọ ẹ́ńjìnnì lọ bí ẹni pé bẹntiróò ni. Èmi ò rí gáàsì kankan o. Mo ní kí mẹkáníìkì fi hàn mí, ó ní kò ṣeé fojú rí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò ṣeé fojú rí ni wọ́n ti tà fún baba rẹ. Ní ti aṣọ tí gáàsì ń là kọjá, mẹkáníìkì ní ó gbọ́dọ̀ nípọn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ onírun. Mo wá yẹ̀rì mi tí mo máa ń wọ̀ lásìkò òtútù títí, mi ò rí i, àfìgbà tí mo rí okùn rẹ̀ tó yọ lẹ́nu páìpù.

Mẹkáníìkì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ tan án nínú ilé tó ní ògiri mẹ́rin, torí gáàsì yẹn máa ń pani láìpariwo. Baba rẹ ní ṣẹ́ẹ̀dì wa kò ní ògiri mẹ́rin, mẹ́ta ló ní, pẹ̀lú ilẹ̀kùn. Ó ti ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn. Adìyẹ mẹ́ta rọra já bọ́ láti orí igi tí wọ́n wọ̀ sí, wọn ò tiẹ̀ gbọn ìyẹ́. Baba rẹ náà jáde, ó di orí mú, ó ní ìrònú ló pọ̀ jù fún òun, oorun ló sì gbé àwọn adìyẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí oorun wọn kò tíì tán, mo sè wọ́n.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fẹ́ iná. Tí iná bá ti mú, a ó da ife bẹntiróò kan sí i látinú àṣẹ́kù tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè jí, lẹ́yìn náà èmi ni mo máa ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì yí ọwọ́ irin kékeré kan láti ibi bẹntiróò sí ibi gáàsì, torí ẹ̀yìn baba rẹ kò gbà á láyè láti tẹ̀ mọ́. Fi ọwọ́ irin yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

A di àpò mẹ́rìnlá kúrò nílé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ èédú gbòngbò igi mallee láti oko wa, tí baba rẹ wú fúnra rẹ̀, tó sun fúnra rẹ̀. Àpò mẹ́rìnlá tó láti gbé wa dé Melbourne kó sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n baba rẹ ń fi lọ́rì han aráyé. Kò sí oko tí a dé tí kò dúró. Á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé tíì wá, á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa kùn kí wọ́n lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe mọ́, á sọ ìtàn gbòngbò láti ìgbà tí baba tirẹ̀ ti dé ilẹ̀ yẹn. Oníwàásù kan tilẹ̀ gba àpò méjì lọ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù rẹ̀. Ní àárọ̀ àná, ọjọ́rú, lọ́rì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ igi yìí, ó dákẹ́. Mo wo ẹ̀yìn, òfìfo àpò ló kù níbẹ̀, pẹ̀lú kéèkì rẹ, àti ẹrù mi kan tí mo fi kúbùsù wé sábẹ́ àpótí kéèkì.

Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sleeman tó ni pápá yìí gbọ́ nípa wa, ó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé àpò èédú mẹ́rin wá fún wa láti ilé rẹ̀, ọ̀fẹ́, ó ní èyí á gbé wa dé iwájú pẹpẹ. Mo ti ń dúpẹ́. Baba rẹ mú èédú kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi eyín gé e, ó tutọ́ rẹ̀ dànù. Ó ní èédú ìlọṣọ ni. Ó ní òun kò ní fi èédú ìlọṣọ gbé ọmọ òun lọ sí ilé ọkọ. Ó dúpẹ́ púpọ̀, ó bá Ọ̀gbẹ́ni Sleeman gbé àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú kẹ̀kẹ́, ó wá ní kó yá òun ní ṣọ́bìrì.

Kòtò tó gbẹ́ nìyẹn, tó ń rú èéfín yìí. Ó gé igi gbígbẹ sínú rẹ̀, ó fi iná sí i, ó fi erùpẹ̀ bò ó. O mọ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fi sílẹ̀, àná sì ni ó bo èyí, aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ni ìgbéyàwó rẹ. Mo ka ọjọ́ náà lójú rẹ̀ lórí ìka ọwọ́ mi. Ó tún bu erùpẹ̀ sí i.

Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti fi tẹlifóònù ilé Sleeman bá ọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Onílé rẹ ló gbé e. Mo kí i, mo kí i kú orí ire tó gbà ọ́ sílé, mo béèrè orúnkún rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ orúnkún náà fún mi, bí mo ṣe fẹ́ ní kó pè ọ́ ni ọmọbìnrin kan láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù já lu ọ̀rọ̀ wa pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé. Ó ti ń gbọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Dúró, baba rẹ ń pè mí.

Ọjọ́ Ẹtì, Merrin's Bridge, nínú ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo tún ti dé. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó ka ibi tó kù yìí, má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á àfi Cyril.

Ohun tí baba rẹ pè mí fún lánàá ni pé ó fẹ́ ṣí kòtò. Mo ní kò tíì jinná. Ó ní á ti jinná, kò sí àyè fún un láti má jinná. Ó bu ṣọ́bìrì kan, ó bu èkejì, atẹ́gùn wọlé, ọ̀fọ̀ọ̀ ni iná sọ, gbogbo rẹ̀ gbiná lójú wa. A da erùpẹ̀ títí ọwọ́ wa fi bó, pàbó ló já sí. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, eérú ló kù níbẹ̀.

Kò bínú, Lorna. Ì bá sàn kó bínú. Ó jókòó sí etí kòtò náà, mo gbé ẹran àgùntàn àti búrẹ́dì fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó wá ní, “Ìyá Lorna, èmi tí mo ní n ó gbé ọmọ yẹn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn ni yóò fà á lọ́wọ́ wọlé.” Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. Inú mi bà jẹ́ débi pé mo gbàgbé pé òun ló dá èédú ọ̀fẹ́ padà.

Ẹrù tí mo fi kúbùsù wé ńkọ́? Garawa bẹntiróò kan ni, ó kún dé ẹnu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni Clem Rudge tó ń fi ọkọ̀ kó irun àgùntàn gbé e wá fún mi láti Melbourne, ó ní èmi nìkan ni kí òun fún. Ìwé kékeré kan wà lára rẹ̀, mo ti há a sórí: “Màmá, tèmi ni, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Tíkẹ́ẹ̀tì epo alùpùpù mi ni mo fi rà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀, bí èédú bá já yín kulẹ̀. Ẹ má sọ fún Bàbá.” Cyril ló kọ ọ́. Mo bi Clem pé kí ni ọmọ yìí wá ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Clem ní ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti oṣù keje, máìlì mẹ́ta àlọ, máìlì mẹ́ta àbọ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé alùpùpù ti bà jẹ́. Bóyá ohun tó sọ fún ìwọ náà nìyẹn.

Nítorí náà láàárọ̀ yìí, nígbà tí baba rẹ lọ bọ́jú lódò, mo da garawa náà sínú táńkì, mo ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀. Mo gbọn àpò méjìlá tó kù, èyí tí mo rí kò kún fìlà, mo dà á sínú àgbá, mo fi iná sí i, èéfín jáde bó ṣe yẹ. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo yí ọwọ́ irin náà sí ibi bẹntiróò, mo fi í síbẹ̀, mo pa bónẹ́ẹ̀tì dé. Nígbà tó dé, mo ní kó wò ó wò. Ó ní fìlà kan kò lè se omi tíì. Mo ní kó ṣáà wò ó wò, nítorí tèmi.

Ọmọ mi, lọ́rì yẹn fò. Láti ọjọ́ tí a ti ra àgbá náà, kò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Irú òkè tí a máa ń bọ́ sílẹ̀ tì í gùn tẹ́lẹ̀, ó ń súfèé gùn ún. Omi ń jáde lójú baba rẹ, ó ní atẹ́gùn ni. Ìgbà tó yá ló ní, “Ṣé o rí i? Eruku gbòngbò wa lásán nìyẹn. Àṣejù la ti ń ṣe láti ilé.” Ó tún ní kí n sọ fún ọmọ akọ̀wé yẹn, tí mo bá rí i, pé òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò nílò epo rẹ̀. Mo ní màá sọ fún un.

O ó ní kí ló dé tí a ò tíì wọ ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Sleeman ti ròyìn wa, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Merrin's Bridge sì ti bẹ baba rẹ pé kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn wọn ní ìrọ̀lẹ́ yìí nípa bí fìlà èédú kan ṣe ń rin ogún máìlì. Ó ti gbà. Ó wà lójú pópó báyìí, ó ń fi àgbá han ọlọ́pàá. Ọlọ́run dárí jì mí, gbogbo ọkùnrin ìlú yìí ni yóò máa wá gbòngbò mallee kiri lọ́la. Ṣùgbọ́n bẹntiróò tó kù tó ogójì máìlì tó kù, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà tan ẹ́ńjìnnì fún ẹnikẹ́ni mọ́, a ó gbéra ní kùtùkùtù, a ó dé kí aago méjìlá tó lù. Rélùwéè ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀ kó lè ṣáájú wa.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Bá mi ra yẹ̀rì kan, ṣílè méje àti sísì lè tó, wá kúpọ́ọ̀nù aṣọ tí ìjọba ń pín mọ́ ọn, torí mi ò lè dúró níwájú ìyá Cyril láìwọ yẹ̀rì, tèmi sì ti di aṣọ èédú. Má ṣe fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ nípa wáyà ilé ìfìwéránṣẹ́ o, atẹ́gùn pọ̀ níbí, mi ò fẹ́ kó já bọ́ sínú oko olóko. Dúró dè mí pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Má sì jẹ́ kí wọ́n tan àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ kéèkì náà. Baba rẹ ti bi mí nígbà méjì pé òórùn kí ló wà lára rẹ̀, mo ní bùráńdì ni.

Tí o bá rí wa pẹ̀lú èédú lójú, lọ́rùn, láàárín eyín, má mú wa gba ẹ̀yìnkùlé. Sáré wá, gun lọ́rì, jẹ́ kó gbé ọ lọ bó ṣe ṣèlérí. Kí ìwọ àti Cyril yin èédú náà. Kí Cyril yìn ín ju gbogbo èèyàn lọ, kó fọwọ́ kan àgbá náà, kó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tí ẹ̀rín ò ní tán níbẹ̀, yóò fún ọ ní ọmọ tó gbọ́ràn ju baba rẹ lọ. Mo ti ń bẹ̀rù pé akọ̀wé lásán lo fẹ́ fẹ́. Mi ò bẹ̀rù mọ́. Ọkùnrin tó lè fi ẹsẹ̀ rìn fún oṣù mẹ́ta kí baba rẹ lè wa lọ́rì rẹ̀ dé ibi ìgbéyàwó rẹ, tó sì lè dúró lọ́la kí baba rẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ epo láìlanu, fẹ́ ẹ, ọmọ mi. Kí o sì bá mi wo bàtà rẹ̀, bóyá yóò fẹ́ ọ̀tun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Keziah Trembath.